Ojú Eékún Méjì Lórí Ẹní

Ẹní tí Ìbídùn fi sílẹ̀ ti lu ní ibi méjì,
ihò méjì tó dọ́gba bí ojú tó ń wòran.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni eékún rẹ̀ fi gbẹ́ ẹ.
Èmi tí mo ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rò pé eku ni.

Èmi ni díákónì tí wọ́n máa ń pè sí àdúrà ìparí
ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lójú ọ̀nà Àpàkè.
Bí mo bá la ẹnu, àwọn ọmọdé a tún jókòó,
ìyálé ilé a rántí ọbẹ̀ tó gbé kaná.
Mo mọ ibi tí ohùn ti í gòkè,
mo mọ ibi tí àmín yóò ti já bọ́ bí máńgòrò tó pọ́n.
Ṣùgbọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀ ní yàrá, kí n ti ilẹ̀kùn,
kí n dijú, kí n ní "Olúwa",
ó parí: gbèsè oní-símẹ́ǹtì ni mo ń kà.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, mo tẹ́ ẹní náà,
mo ki eékún mi bọ ihò rẹ̀.
Kò gbà mí. Ìbídùn tẹ́ẹ́rẹ́, èmi tóbi.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹsẹ̀ mi kú tipiri.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ti ń hanrun.
Ládàánì Masífà ló jí mi;
mo dá rẹ́rìn-ín, mo ká ẹní.

Lọ́jọ́ kejì mo tún tẹ́ ẹ.
Lọ́jọ́ kẹta n ò tẹ́ ẹ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́.
Lọ́jọ́ kẹrin Nẹ́pà mú iná, ooru lé mi dìde,
mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti jí náà.

Àsìkò yẹn ni kànga wa gbẹ.
Garawa lọ, ó bọ̀, ẹrẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́ kan ló gbé wá.
Oyèéníran agbẹ́kànga sọ̀kalẹ̀, ó ku ohùn rẹ̀ nìkan.
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí ibẹ̀, mo ní
ṣé kí a má kúkú gbẹ́ òmíràn lẹ́yìn ilé?
Ó ní, "Díákónì, ihò mẹ́ta aláìlómi lẹ ní nínú ọgbà yìí.
Gbogbo rẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀.
Ẹ fa garawa."
Mo fa garawa. Erùpẹ̀. Òkúta. Erùpẹ̀.
Lọ́sàn-án ọjọ́ karùn-ún, erùpẹ̀ náà tutù lọ́wọ́ mi.
Kì í ṣe omi o. Ó kàn tutù ni.
Mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Lóru ọjọ́ náà ni mo rántí ohùn Ìbídùn.
Kì í pariwo. Kì í to ọ̀rọ̀ jọ bí èmi.
Ó máa ń kí Ọlọ́run ni, bí ẹni kí àgbà tó bá ní ìloro:
"Baba, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ kú ìtọ́jú àná."
Á wá dákẹ́, á dákẹ́ pẹ́,
bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn.
Mo bá a wí lẹ́ẹ̀kan, mo ní Ọlọ́run kì í ṣe ará àdúgbò.
Ó wò mí, ó ní, "Àbí ẹ̀yin ò tí ì bá wọn pàdé ni?"

Ní báyìí mo máa ń dárúkọ Oyètọ́lá,
ọmọ wa tí kì í gbé fóònù mi.
N ò bẹ ohun púpọ̀ fún un. Orúkọ rẹ̀ ni mo ń pè,
ìgbà mìíràn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.
Àwọn ará ìjọ ní àdúrà ìparí mi ti kúrú,
wọ́n ní bóyá ọ̀fọ̀ ṣì ń ṣe mí.

Ìka kan sí ẹ̀gbẹ́ ihò Ìbídùn,
koríko ẹní ti ń tú, fọ́nrán méjì, mẹ́ta.
Ní àárọ̀ òní mo kúnlẹ̀ síbẹ̀.
Gbogbo gbólóhùn ńlá ńlá sá lẹ́nu mi,
ó ku ẹyọ kan:
Baba, ẹ kú ìdúró.